Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó ti darúgbó, ṣé lóòótọ́ ló máa ń le? Kí ló ń fà á?

AdéÒgbómọ̀ṣọ́:
Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o gbogbo ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ̀yin tẹ́ẹ mọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀, ẹ là mí lọ́yẹ̀. Mò ń kà nípa sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa, wọ́n ní ó máa ń lo nǹkan bí 120 ọjọ́ lára èèyàn, pé bó ṣe ń darúgbó bẹ́ẹ̀ ló ń le sí i tí kò ní rọ̀ mọ́, pé spleen, ẹ̀yà ara tó wà lábẹ́ egungun ìhà lápá òsì yẹn, ló máa wá gbá a mú tó máa pa á. Ibi tó ti dojú rú fún mi rèé. Àkọ́kọ́, kí ló wà nínú ẹ̀ tó lè le? Kò ní egungun, kò ní ẹran, omi àti hemoglobin, purotéènì pupa tó ń gbé ọ́síjìn yẹn, ló kún inú ẹ̀. Ìkejì, báwo ni spleen ṣe ń mọ èyí tó ti lo oṣù mẹ́rin yàtọ̀ sí èyí tó jáde lánàá nígbà tí gbogbo wọn jọ ń ṣàn pọ̀ nínú iṣan kan náà?

Ohun tó jẹ́ kí n béèrè gan-an ni bàbá mi. Wọ́n ti lé ní 70 ọdún, wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ní ká wá ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wá ń sọ pé ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà ti le, ẹ̀jẹ̀ tuntun ló yẹ kí wọ́n fún wọn, àti pé èyí tó ti pẹ́ nínú fíríìjì ńkọ́, ṣé kì í ṣe ẹ̀jẹ̀ arúgbó náà nìyẹn? Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ fi dá wọn lóhùn. Ẹ má bínú pó gùn.

ÌyáLáàbù:
Adé, kí Ọlọ́run ṣe iṣẹ́ abẹ bàbá ní àṣeyọrí. Ìbéèrè tó dáa lo bi yìí o. Jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀, torí ẹ̀gbọ́n ẹ ti pa wọ́n pọ̀: ọjọ́ orí èèyàn lọ́tọ̀, ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì lọ́tọ̀. Bàbá lè jẹ́ ẹni 70 ọdún, ṣùgbọ́n sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ pupa tó wà lára wọn, agbára káká ni ìkankan nínú ẹ̀ á fi ju oṣù mẹ́rin lọ. Mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣe tuntun jáde tọ̀sán tòru, nǹkan bíi mílíọ̀nù 2 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, iye yẹn náà ló sì ń kúrò. Nínú ẹ̀jẹ̀ bàbá àti nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ-ọmọ wọn, èyí tó jẹ́ ọ̀dọ́ àtèyí tó ti gbó ló wà pọ̀.

Ó wá kan ti líle. Sẹ́ẹ̀lì yìí fẹ̀ tó máíkírọ́ọ̀nù 7 sí 8 (1,000 máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan), ó rí pẹrẹsẹ, àárín ẹ̀ jìn wọnú lójú méjèèjì. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó kéré jù lára wa ò fẹ̀ tó o rárá, òmíràn ò ju máíkírọ́ọ̀nù 3 sí 5 lọ, dandan sì ni kó kọjá níbẹ̀. Ohun tó ń jẹ́ kó lè kọjá ni pé awọ ara ẹ̀ pọ̀ ju ohun tó wà nínú ẹ̀ lọ. Mú ọ̀rá píọ̀ wọ́tà tí wọn ò rọ kún, wàá lè ká a, wàá lè lọ́ ọ, wàá lè fi í gba inú ihò kékeré kọjá, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n rọ kún bámúbámú, tó o bá tì í wọ ibẹ̀ ṣe ló máa bẹ́. Tá a bá ní ká fi awọ bo ohun tó wà nínú sẹ́ẹ̀lì yẹn ní róbótó, awọ tó ní yìí fi nǹkan bí 40 nínú 100 ju èyí tó máa tó o lọ. Àlékún awọ yẹn ló gbójú lé fún gbogbo títẹ̀ tó ń tẹ̀.

Kò ní núkílíọ́ọ̀sì, ìyẹn àárín sẹ́ẹ̀lì tó ń darí ẹ̀, mọ́, ó ti tì í jáde kó tó kúrò nínú egungun, kò sì lè ṣe purotéènì tuntun, ohun tó bá gbé jáde lọ́jọ́ àkọ́kọ́ náà ló máa fi lo gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀. Bó bá ń yí ara po lẹ́ẹ̀kan ní nǹkan bí ìṣẹ́jú kan, o lè ṣe ìṣirò ẹ̀ fúnra ẹ, ó lé ní 170,000 ìgbà láàárín 120 ọjọ́, wọ́n ń fún un pọ̀ lọ wọ́n ń fún un pọ̀ bọ̀, ọ́síjìn tó sì ń rù kiri yẹn náà tún ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀. Bó ṣe ń lọ bẹ́ẹ̀ ni awọ ara ẹ̀ ń já wẹ́wẹ́ sílẹ̀, hemoglobin díẹ̀ sì ń bá a lọ, nígbà tó bá fi máa di arúgbó nǹkan bí 20 nínú 100 hemoglobin tó gbé jáde ti lọ. Àwọn ẹ̀rọ tó ń ti iyọ̀ wọlé tì í jáde lára awọ náà ti ń rẹ̀ ẹ́, potásíọ́ọ̀mù ń jò jáde, omi ń tẹ̀ lé e. Omi tó ń lọ yẹn pọ̀ ju hemoglobin tó ń lọ lọ, ìyẹn ni pé ohun tó kù nínú ẹ̀ ń ki sí i. Gíráàmù hemoglobin bíi 33 ló wà nínú ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà sẹ́ẹ̀lì tí ara ẹ̀ dá, tó bá ti kọjá iye yẹn, kíki ẹ̀ kì í lọ sókè ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ṣe ló máa ń fò sókè. Nítorí náà ìdáhùn ìbéèrè ẹ àkọ́kọ́ ni pé ohun inú ẹ̀ ló ń gan jù.

A máa ń fi han àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní láàbù. Wàá da ẹ̀jẹ̀ sínú túùbù tẹ́ẹ́rẹ́, wàá gbé e sínú sẹ́ńtírífúùjì kó yí i dáadáa. Tó o bá yọ ọ́, pílásímà yẹ́lò wà lókè, ìlà funfun fẹ́ẹ́rẹ́ kan wà láàárín, pupa wà nísàlẹ̀. Fa díẹ̀ lára pupa yẹn, lókè pátápátá níbi tó ti kan ìlà funfun yẹn, po ó mọ́ aró búlúù tí wọ́n ń lò fún un, fi sábẹ́ máíkírósíkóòpù: wàá rí àwọn kan tí fọ́nrán búlúù wínníwínní wà nínú wọn. Àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde láti bí ọjọ́ kan sí méjì nìyẹn. Wá fa ti ìsàlẹ̀ pátápátá, wàá wá wọn tì. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti ki, wọ́n ti wúwo, òun ni wọ́n fi rì. Ó máa ń dùn mọ́ mi tí mo bá rí ojú àwọn ọmọ náà tí wọ́n bá wo méjèèjì.

AdéÒgbómọ̀ṣọ́:
Ẹ ṣé gan-an mà, Ọlọ́run á fún yín lẹ́mìí gígùn. Ti ẹ̀gbọ́n mi ti yé mi báyìí. Ó wá ku ti spleen, ṣé kíki yẹn náà ló fi ń dá wọn mọ̀?

Káyọ̀dé_Jámánì:
Ẹ jẹ́ kí n bá yín dá sí i mà, ẹ kú iṣẹ́, iṣẹ́ tí mò ń ṣe níbí nìyẹn, bá a ṣe ń wọn bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń tẹ̀.

Adé, nínú spleen, ẹ̀jẹ̀ kan wà tí kì í gba inú iṣan tààrà, ṣe ni wọ́n máa ń dà á síta sáàárín ẹran spleen, tó bá sì máa padà sínú iṣan, àfi kó gba àárín sẹ́ẹ̀lì méjì tó fara ti ara wọn lára ògiri iṣan náà kọjá. Àlàfo yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ ju máíkírọ́ọ̀nù 1 lọ ní fífẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó fẹ̀ tó 8 ló fẹ́ gba ibẹ̀ o! Ó gbọ́dọ̀ na ara ẹ̀ di tẹ́ẹ́rẹ́, apá kan ẹ̀ á ti bọ́ síta tí apá kejì ṣì wà nínú. Èyí tí kò bá lè ṣe é máa há síbẹ̀ tàbí kó pẹ́ níbẹ̀, àwọn sẹ́ẹ̀lì ńlá tó ń jẹ sẹ́ẹ̀lì sì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

Ṣùgbọ́n mi ò fara mọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ kiri pé líle nìkan ló ń pa á. Bá a ṣe ń wọ̀n ọ́n ni pé a máa ń fi ọ̀pá gíláàsì tí ẹnu ẹ̀ kéré ju sẹ́ẹ̀lì lọ fa awọ ẹ̀ wọlé, ká wo bó ṣe wọlé jìn tó pẹ̀lú agbára tá a fi fà á, Rand àti Burton ti ń ṣe é láti 1964. Àwọn mìíràn ń fi ìmọ́lẹ̀ lésà di sẹ́ẹ̀lì mú lọ́tùn-ún lósì kí wọ́n nà án, Arthur Ashkin tó ṣe irinṣẹ́ yẹn gba ẹ̀bùn Nobel ní 2018. Tí wọ́n bá fi ọ̀pá gíláàsì yẹn wọn arúgbó sẹ́ẹ̀lì tó dájú pé arúgbó ni, àyípadà tí wọ́n ń rí kì í pọ̀ tó bá a ṣe rò. Àpẹẹrẹ kan ni èyí tí wọ́n ṣe pẹ̀lú ehoro ní 1992, wọ́n fi àmì sára gbogbo sẹ́ẹ̀lì pupa ehoro lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n dúró di ìgbà tó jẹ́ pé kìkì arúgbó ló kù lára àwọn tó ní àmì, wọ́n wá ṣa àwọn yẹn jáde. Awọ wọn ti dínkù ní nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá, ohun inú wọn náà dínkù díẹ̀, ṣùgbọ́n awọ yẹn fúnra ẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ le ju ti ọ̀dọ́ lọ. Nítorí èyí náà ni mo ṣe fẹ́ fi díẹ̀ kún ti túùbù yín mà, ẹ má bínú: arúgbó pọ̀ nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe arúgbó nìkan ló wà níbẹ̀, torí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan ti wúwo láti kékeré.

Kí ló wá kù? Àmì ara ẹ̀ ni. Purotéènì kan wà lára awọ ẹ̀ tó ń jẹ́ band 3, tí hemoglobin tó bàjẹ́ bá lẹ̀ mọ́ ọn láti inú, band 3 náà á ṣù jọ, àwọn agbóguntàrùn tí ara wa fúnra ẹ̀ ń ṣe á wá lẹ̀ mọ́ ibẹ̀ láti ìta. CD47, purotéènì tó ń sọ fún àwọn ajẹ-sẹ́ẹ̀lì yẹn pé kí wọ́n fi òun sílẹ̀, ń dínkù. Ọ̀rá kan tó yẹ kó kọjú sínú awọ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yọjú síta. Lójú tèmi, dídúró pẹ́ nínú àlàfo spleen yẹn ló ń fún àwọn ajẹ-sẹ́ẹ̀lì láyè láti fọwọ́ kan gbogbo àmì wọ̀nyí, méjèèjì ló ń ṣiṣẹ́ pọ̀. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀kan ṣoṣo ni, kó fi ẹ̀rí ẹ̀ hàn wá.

Ẹ jẹ́ kí n fi kan kún un torí ó kàn wá gan-an. Ọ̀nà kan wà lára awọ sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ PIEZO1, tí wọ́n bá ti na awọ náà ó máa ń ṣí, kálísíọ́ọ̀mù á wọlé, kálísíọ́ọ̀mù yẹn á ṣí ọ̀nà míì fún potásíọ́ọ̀mù láti jáde, omi á tẹ̀ lé e, bí Ìyá Láàbù ṣe sọ. Ardem Patapoutian tí wọ́n rí PIEZO ní láàbù ẹ̀ wà lára àwọn tó gba Nobel 2021. Ní 2018, wọ́n gbé e jáde pé nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́ta láàárín àwọn tó jẹ́ ìran adúláwọ̀ ló ní oríṣi PIEZO1 kan tí kì í tètè padé, tó ń jẹ́ kí omi inú sẹ́ẹ̀lì wọn dínkù díẹ̀, kòkòrò ibà kì í sì í gbádùn irú sẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n dán an wò ní láàbù.

ÌyáTàíwò:
Ẹ kúuṣẹ́ o. Gbogbo ohun tẹ́ẹ ń sọ yìí ni mò ń kà pẹ̀lú omi lójú torí ọmọ mi SS ni, ọmọ ọdún 3. Ojú ẹ̀ máa ń yẹ́lò nígbà gbogbo, dókítà sọ pé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ kì í pẹ́ láyé bíi tàwa, pé bí ọjọ́ mẹ́wàá sí ogún péré ni. Ṣé ohun kan náà ni pẹ̀lú dídarúgbó yìí ni àbí nǹkan míì ni?

ÌyáLáàbù:
Ìyá Tàíwò, ẹ pẹ̀lẹ́, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, Olúwa á dá a sí fún yín. Ó fara jọra, ṣùgbọ́n ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀. Hemoglobin tiwọn, HbS, tó bá ti já ọ́síjìn sílẹ̀ tán, ṣe ni wọ́n máa ń tò mọ́ra wọn di ọ̀pá gígùn nínú sẹ́ẹ̀lì, ọ̀pá yẹn á ti awọ síta, sẹ́ẹ̀lì á tẹ̀ kọdọrọ bíi dòjé, kò ní lè gba iṣan tẹ́ẹ́rẹ́ kọjá. Tó bá padà sí ẹ̀dọ̀fóró tó gba ọ́síjìn, ọ̀pá á tú, á tún na, ibòmíràn á tún tò. Gbogbo yíyí-padà yẹn ni awọ ń ya lé lórí, omi ń jò, ó ń ki, títí kò fi ní lè padà mọ́. Linus Pauling àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ló fi hàn ní 1949 pé ara hemoglobin gan-an ni àìsàn yìí ti bẹ̀rẹ̀. Ìyà tí sẹ́ẹ̀lì tiwa ń jẹ ní oṣù mẹ́rin, ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni tiwọn fi ń jẹ ẹ́ tán. Yẹ́lò ojú yẹn, látara hemoglobin àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń fọ́ yẹn ló ti ń wá.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù tí mo fẹ́ sọ fún yín, àwọn sẹ́ẹ̀lì tó le yìí náà ló máa ń dí spleen wọn, kó tó di pé ọmọ pé ọdún 5 ọ̀pọ̀ ló ti bàjẹ́ tí kò ṣiṣẹ́ mọ́, spleen yẹn ló sì yẹ kó máa gbá àwọn kòkòrò kan nínú ẹ̀jẹ̀ mú. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún wọn ní penicillin lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ ó kéré tán títí dé ọdún 5, àti abẹ́rẹ́ àjẹsára pneumococcal. Ẹ má jẹ́ kó fo ọjọ́ kan. Ẹ bi dókítà léèrè nípa oògùn hydroxyurea náà, ó ń jẹ́ kí hemoglobin irú tọmọ inú oyún pọ̀ nínú sẹ́ẹ̀lì, èyí tí kì í jẹ́ kí ọ̀pá yẹn tètè tò.

ÌyáTàíwò:
Ẹ ṣeun mà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀. Penicillin ló máa ń tán tí a kì í tètè rà, kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́.

Nọ́ọ̀sì_Bọ́lá:
Ẹ̀gbọ́n Adé, ti ẹ̀jẹ̀ inú fíríìjì kò tíì sẹ́ni tó dá yín lóhùn. Báńkì ẹ̀jẹ̀ máa ń tọ́jú ẹ̀ fún ọjọ́ 35 tàbí 42, oògùn tí wọ́n bá fi sínú àpò ẹ̀ ló ń sọ ọ́. Bó ṣe wà níbẹ̀ ó ń bàjẹ́ lóòótọ́, agbára inú ẹ̀ ń tán, ara ẹ̀ á hu ṣóńṣó ṣóńṣó, tó bá yá òmíràn á ṣù róbótó, kò ní lè tẹ̀ mọ́ bíi tẹ́lẹ̀. Tí wọ́n bá fà á sára aláìsàn, àwọn tó ti bàjẹ́ jù á kúrò ní wákàtí mélòó kan sígbà yẹn, òfin Amẹ́ríkà ní ó kéré tán 75 nínú 100 gbọ́dọ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn wákàtí 24. Ṣùgbọ́n ṣé ó ń pa aláìsàn lára? Wọ́n ti dán an wò dáadáa. Ní ilé ìwòsàn Mulago ní Kampala, Uganda, àwọn ọmọdé 290 tí ẹ̀jẹ̀ wọn ti gbẹ gan-an ni wọ́n pín sí méjì, ìdajì gba ẹ̀jẹ̀ tó ti lo ọjọ́ 25 sí 35, ìdajì gba ti ọjọ́ 1 sí 10, bí ara wọn ṣe ń bọ̀ sípò lápá méjèèjì ò yàtọ̀, wọ́n gbé e jáde ní 2015. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti sẹ́ sẹ́ẹ̀lì funfun kúrò nínú ẹ̀ ni wọ́n lò o. Èyí tó tóbi jù, tí wọ́n ṣe fáwọn àgbàlagbà tó lé ní 20,000 ní ilé ìwòsàn orílẹ̀-èdè mẹ́rin, jáde ní 2016, iye àwọn tó kú lápá méjèèjì ò yàtọ̀.

Torí náà ẹ má fi ọjọ́ orí ẹ̀jẹ̀ da ara yín láàmú. Ẹ rí i pé wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò fún HIV, hepatitis B àti C, àti syphilis, pé wọ́n ṣe crossmatch ẹ̀, ìyẹn ni kí wọ́n wò ó bóyá ó bá ẹ̀jẹ̀ bàbá mu. Ẹ̀yin ọmọ náà, ẹ lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá ní ẹ lọ wá ẹni tó ń ta ẹ̀jẹ̀ níta.

Apòògùn_Ìbàdàn:
Ibì kan wà tí ọjọ́ orí sẹ́ẹ̀lì ti ń hàn kedere lọ́dọ̀ tiwa tó ń ta oògùn, G6PD ni. G6PD yìí, purotéènì kan nínú sẹ́ẹ̀lì, ló ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ìbàjẹ́ ọ́síjìn, ó sì ń dínkù bí sẹ́ẹ̀lì ṣe ń gbó, kódà lára ẹni tí ara ẹ̀ dá. Ẹni tí wọ́n bí pẹ̀lú G6PD tó kéré, wọ́n sì pọ̀ láàárín wa pàápàá àwọn ọkùnrin, tó bá lo primaquine fún ibà, àwọn arúgbó sẹ́ẹ̀lì ló máa kọ́kọ́ fọ́, ìtọ̀ á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á wálẹ̀. Láàárín 1950 sí 1956, ní ọgbà ẹ̀wọ̀n Stateville ní Illinois, wọ́n fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n aláwọ̀ dúdú ní oògùn yìí, wọ́n sì rí i pé ẹ̀jẹ̀ wọn wálẹ̀, ó tún padà gòkè bí wọ́n tilẹ̀ ṣì ń lo oògùn yẹn lọ, torí ọ̀dọ́ ló kù lára wọn. Ó máa ń dùn mí pé ara àwọn ẹlẹ́wọ̀n ni wọ́n ti kọ́ ọ. Ẹ̀yin ìyá ọlọ́mọ tuntun, káńfọ̀ tẹ́ẹ ń kó sáàárín aṣọ ọmọ yẹn, ẹ kó o kúrò, ohun kan náà ló ń ṣe fún ẹ̀jẹ̀ ọmọ tí G6PD ẹ̀ bá kéré.

AdéÒgbómọ̀ṣọ́:
Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Ìbéèrè kan ló kù, bọ̀dá Káyọ̀dé: ẹni tí wọ́n bá yọ spleen ẹ̀ kúrò, ṣé ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ á wá máa lo ju 120 ọjọ́ lọ ni?

Káyọ̀dé_Jámánì:
Rárá, kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà tó bá jẹ́ sẹ́ẹ̀lì tí ara ẹ̀ dá. Ẹ̀dọ̀ ní àwọn ajẹ-sẹ́ẹ̀lì tiẹ̀, òun ló máa gba iṣẹ́ yẹn ṣe, àmì tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ló sì máa fi dá wọn mọ̀. Èyí wà lára ohun tó jẹ́ kí n máa tẹnu mọ́ ọn pé líle nìkan kọ́. Ti àwọn tó ní àìsàn ìdílé tó ń mú sẹ́ẹ̀lì ṣù róbótó ló yàtọ̀, nítorí àlàfo spleen gan-an ló ń pa sẹ́ẹ̀lì tiwọn, tí wọ́n bá yọ spleen wọn ẹ̀jẹ̀ wọn máa ń gòkè dáadáa. Iye 120 yẹn náà, David Shemin ní Yunifásítì Columbia ló fi ara ẹ̀ wọ̀n ọ́n: ó jẹ gíráàmù 66 glycine tí wọ́n fi náítírójìn wíwúwo ṣe láàárín ọjọ́ mẹ́ta, ó wá ń fa ẹ̀jẹ̀ ara ẹ̀ wò títí àmì náà fi bẹ̀rẹ̀ sí í kúrò nínú hemoglobin ẹ̀. Òun àti Rittenberg gbé e jáde ní 1946, ọjọ́ 127 ni wọ́n bá níbẹ̀.